Àlejò Mẹ́tàdínlógún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tí Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Àwọn Oníbàárà Íńtánẹ́ẹ̀tì,
Yàrá Kejì, Àjà Kẹta,
Ilé Ìjọba Àtijọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌWÉ "ÀLEJÒ TÍ A KÒ MỌ̀" TÍ ILÉ-IṢẸ́ ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ WA FI RÁNṢẸ́ SÍ MI, ÀTI OHUN TÍ ÌWÉ NÁÀ FÀ NÍNÚ ILÉ MI

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìtọ́jú aláboyún tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn ará àdúgbò kì í pe orúkọ mi mọ́. Ìyá Ìkókó ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. N kò kọ lẹ́tà ẹ̀sùn rí láyé mi. Bí ó bá ṣe pé íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò yára nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, ǹ bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ti dé ibi tí n kò lè gbé e mì mọ́.

Àwa méjì là ń gbé inú ilé náà, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ọkọ mi ti di olóògbé, a kò sì bímọ. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí nígbà tí ìyá wa bí àbúrò mi yìí. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Òun ni ìkókó àkọ́kọ́ tí mo gbà. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá wa kú, mo sì mú un sọ́dọ̀. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀ ní òwúrọ̀, èmi ni mo ń buwọ́ lu ìwé èsì ìdánwò rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó rí láti kékeré, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fi ohùn ìpàdé wọn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, á gbé e sínú kọ̀ǹpútà, á sì tẹ ohun gbogbo tí wọ́n sọ jáde ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ ló ti ń ṣe é, láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ títí di agogo méjì ọ̀sán. Bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí iṣẹ́. Ó ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, olùkọ́ ìṣirò kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, tí kì í jókòó nínú pálọ̀ wa títí a ó fi ní kí ó jókòó. A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í já. Á lọ, á dé, á tún lọ. Iṣẹ́ àbúrò mi ń pẹ́, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un sì ń kùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ilé-iṣẹ́ yẹn. Orúkọ yín ló wà níwájú wọn, ohùn yín ni wọ́n máa gbọ́." Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀ mí pé kí n pè wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, lákòókò ìsinmi ọ̀sán, mo pè wọ́n láti yàrá àwọn nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn kò ṣàfojúdi. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Màmá, àlejò ló pọ̀ jù lórí ìlà yín. Àlejò mẹ́tàdínlógún láàárín oṣù kan." Mo ní fóònù méjì àti kọ̀ǹpútà kan péré ló wà nílé wa. Ó ní ohun tí òun ń rí kọ́ nìyẹn. Ó ní gbogbo wọn ló ń wọlé láàárín agogo mẹ́wàá sí agogo méjì, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Mo bi í pé, "Ṣé èèyàn mẹ́tàdínlógún lẹ ń sọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Màmá, fóònù kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ bi àwọn tí ẹ fi sílé."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì. Ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí rẹ̀ ni "Àlejò Tí A Kò Mọ̀." Ìlà mẹ́tàdínlógún ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí àlejò wọlé. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀ tó ṣàlàyé pé àlejò lè jẹ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí àlejò.

N kò bi àbúrò mi. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, n kò sì kà á sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. Mo sọ fún un pé wọ́n ní àwọn yóò wò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di amí nínú ilé ara mi. Kí n tó jáde ní òwúrọ̀, mo ń ka ife tó wà nínú ike ìfọbọ́. Bí mo bá dé, mo ń tún un kà. Mo ń gbóòórùn tìmùtìmù àga. Mo fi òwú dúdú kan di ẹnu ọ̀nà géètì ní ìsàlẹ̀, mo sì bá a ní jíjá ní ọ̀sán. Ó jáde lọ sá aṣọ ni, aṣọ ọ̀hún sì wà lórí okùn níta géètì lójú mi. Síbẹ̀ mo bi í pé, "Ta ló wá lónìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni ì bá wá? Èmi àti àwọn tó ń jà nínú ìpàdé náà ni." N kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láìsọ fún un. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo dágbére fún un bí ẹni tó ń lọ, mo sì gba ẹ̀yìn òpópónà lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ilé wa. Mo sọ fún aránṣọ náà pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Mo jókòó sí ojú fèrèsé rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán. Géètì kan ṣoṣo ni ilé wa ní. Ògiri ẹ̀yìnkùlé ga jù mí lọ, ìgò fífọ́ sì wà lórí rẹ̀. Mo ń wo àbúrò mi ní tààrà láti ibi tí mo wà: ó jókòó ti tábìlì, ohun ìgbọ́rọ̀ wà létí rẹ̀, ó ń tẹ̀wé. Ìgbà mẹ́ta ni ó gbé fóònù rẹ̀ sókè tí ó mì ín bí ẹni ń mi ìgò oògùn. Ó jẹun lórí ìdúró. Ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ẹyẹ kò tilẹ̀ bà sórí géètì.

Nígbà tí mo dé ilé, mo ṣí áàpù ilé-iṣẹ́ náà, tó ń fi àlejò tó bá wọlé hàn, lórí fóònù mi. Àlejò tuntun mẹ́ta ló wọlé ní ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ojú mi ni mo fi ṣọ́ ilé yẹn fún wákàtí méje, ojú mi sì sọ fún mi pé kò sí ẹnikẹ́ni. Ìwé ní èèyàn mẹ́ta wọlé. Ìwé ni mo gbà gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé ògiri ni wọ́n ń fò. Lọ́jọ́ kejì mo pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sọ ohun tí mo rí àti ohun tí n kò rí. Obìnrin kan ló dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìléwọ́ mi bí ó ṣe sọ ọ́: "Màmá, ẹ̀rọ wa kì í purọ́. Èyí ti kọjá ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ìdílé ni." Ó fi ìwé kejì ránṣẹ́ sí mi, iye tó wà nínú rẹ̀ sì ti lé ní ogún.

Mo gbé ìwé méjèèjì lọ bá àbúrò bàbá wa, ẹni tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, torí òun nìkan ló kù nínú àwọn àgbà wa. Ó ní kí a pe àfẹ́sọ́nà ọmọ náà sí i, kí ó má baà dà bíi pé a fẹ́ ta ọjà tí a mọ àbùkù rẹ̀ fún un. A pàdé nínú pálọ̀ mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Mo gbé ìwé náà kalẹ̀. Àbúrò mi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà. Ó ní, "N kò mọ ohun tí èyí jẹ́. N kò mọ ẹnì kankan nínú wọn." Bàbá Kékeré ní, "Ìwé kò bá ọ jà. Kí ni ì bá torí ẹ̀ parọ́ mọ́ ọ?" Olùkọ́ náà mú ìwé, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó dé ìlà kan, ó dúró. Ó ní, "Ọjọ́ kejìlélógún. Ibà ń ṣe mí lọ́jọ́ náà, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o kò gbé e." Àbúrò mi ní, "Iṣẹ́ ni mo ń ṣe." Ọkùnrin náà ká ìwé sí mẹ́rin, ó rọra fi í sórí tábìlì, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jáde. Ní ọjọ́ kẹta ni ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn kò ṣe mọ́.

Lẹ́yìn tí Bàbá Kékeré lọ tán, ó ku àwa méjèèjì. Àbúrò mi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn yẹn ń ṣe tiwọn. Ṣé ẹ̀yin náà gbà á gbọ́?" Mo ní, "Kí ni kí n wá ṣe ìwé yìí?" Mo ti sọ fún àwọn obìnrin rí pé ọmọ wọn kò mí. N kò tíì fi ẹnu mi sọ ohun tó burú tó èyí tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni ó kó lọ sí yàrá kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin.

Bí ó ti lọ ni àlejò dáwọ́ dúró. Ilé-iṣẹ́ náà fi ìwé ránṣẹ́ sí mi láìjẹ́ pé mo béèrè: "Ẹ kú oríire. Ìlà yín ti mọ́. Kò sí àlejò mọ́." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi di ìwé yẹn mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo fi han Bàbá Kékeré. Ó mi orí, ó ní, "O ò rí i?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù keje, àbúrò mi wá kó àpótí méjì àti àga iṣẹ́ rẹ̀ tó kù. Òjò ńlá mú ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e pẹ́. Ó jókòó sórí àga tó kọjú sí tèmi. Ó ń wo fóònù rẹ̀ bóyá awakọ̀ ti dé ìtòsí. Íńtánẹ́ẹ̀tì já, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo rí i tí ó pa fóònù náà, tí ó tún un tàn. Fóònù tèmi, tí mo ti ṣètò áàpù rẹ̀ kí ó máa dún bí àlejò bá wọlé, dún lórí itan mi. Mo wò ó. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni: "Àlejò tuntun ti wọlé." Mo gbójú sókè wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kò pẹ́, ìlà tún já, ó tún pa á, ó tún un tàn. Fóònù mi tún dún: "Àlejò tuntun ti wọlé."

Àwa méjì péré ló wà nínú pálọ̀ náà. Òjò ti lé gbogbo èèyàn kúrò ní òpópónà. Mo wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún wo tèmi. Ìgbà náà gan-an ni ọkọ̀ fun fèrè níta. Awakọ̀ wá gbé àga, àbúrò mi fúnra rẹ̀ gbé àpótí méjèèjì, ó ní, "Ó dàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Nígbà tí ẹsẹ̀ mi yóò fi gbé mi dé géètì, ọkọ̀ náà ti yà ní ìkóríta.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo ránṣẹ́ pe obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe. Èmi ni mo gbẹ̀bí àwọn ìbejì rẹ̀. Ó lo wákàtí kan àtààbọ̀ nídìí ráútà wa, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé pé àwọn fóònù kan wà tó máa ń pa orúkọ dà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún wọlé sórí ìlà, kí ẹni tó bá ń tọpa èèyàn má baà dá wọn mọ̀. Irú rẹ̀ ni ti àbúrò mi, tí ó jẹ́ pé nígbà iṣẹ́ nìkan ló ń so ó mọ́ ìlà ilé nígbà tó ń gbé ọ̀dọ̀ mi. Tèmi ti gbó, orúkọ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́. Ó ní, "Bí ìlà yín bá já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni fóònù kan náà á wọlé bí ẹni tuntun." Mo ní, "Èèyàn mélòó wá ni gbogbo wọn?" Ó ní, "Ẹnì kan ni, Màmá. Ẹni tó ń gbìyànjú láti ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni."

Ó tún sọ fún mi pé ráútà tí ilé-iṣẹ́ náà fún wa ló bàjẹ́. Gbogbo ìgbà tí ó bá já ni àbúrò mi ń tún wọlé, gbogbo ìgbà tí ó bá sì tún wọlé ni wọ́n ń kọ àlejò kan sí i lọ́rùn. Àbùkù tiwọn gan-an ni wọ́n kà fún mi ní iye, tí wọ́n pè ní èèyàn. Ó ní ẹni tó bá ti wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ọdún kan yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ fura. Ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, tí ó buwọ́ lù, wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà nígbà mẹ́ta. Wọ́n pààrọ̀ ráútà, wọ́n sì fún mi ní lẹ́tà pé "àlejò" jẹ́ èdè iṣẹ́ tiwọn, kò túmọ̀ sí ènìyàn, àwọn kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn méjèèjì tó dá mi lóhùn bóyá èèyàn ni, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé òun kò mọ̀. "N kò mọ̀" péré ì bá ti tó.

Mo lọ bá àbúrò mi ní yàrá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èmi tí mo tó bí i. Ó fà mí dìde kíá, kò jẹ́ kí orúnkún mi pẹ́ nílẹ̀. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan pamọ́, títí kan ọjọ́ tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ibẹ̀ ni ó ti dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ fi ojú ara yín ṣọ́ mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kí lẹ rí?" Mo ní n kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi lẹ rí." Ó sin mí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sì bá mi dá ọkọ̀ dúró. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun kò lè sùn nínú ilé yẹn mọ́.

Bàbá Kékeré kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ó ní ohun tí ìwé fi hàn, ẹnu obìnrin kan kò lè pa á rẹ́. Ìyá olùkọ́ náà gbà mí lálejò dáadáa, ó ní ọmọ òun ti ń mú ẹlòmíràn wá sílé.

Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ yìí: ẹ pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ náà yọ "àlejò" kúrò lórí ìwé wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé orúkọ tuntun kì í ṣe èèyàn tuntun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń gbé fóònù fún wọn láti máa sọ pé àwọn kò mọ̀ nígbà tí wọn kò bá mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta lórí ìwé tiwọn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tiwọn: ọ̀kan sí Bàbá Kékeré, ọ̀kan sí ìyá olùkọ́ náà, ọ̀kan sí àbúrò mi, pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa nígbà náà bí kò ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. N kò béèrè owó ìtánràn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ẹ̀bi tèmi sínú ìdájọ́ yín, ẹ kọ ọ́, n ó buwọ́ lù ú.

Ẹ dákun, ẹ bá mi tètè ṣe é. Àbúrò mi ti rí iṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e lọ sì ń gbéra ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Ó gbà pé kí n wá sin òun dé ibẹ̀. Mo ti ronú títí lórí ohun tí mo lè gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, n kò rí nǹkan kan nínú gbogbo ilé mi tó yẹ. Lẹ́tà tí mo ní kí wọ́n kọ sí i yẹn nìkan ni.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín nínú òtítọ́ àti ìrora,

(Ìbuwọ́lùwé)
Ìyá Ìkókó,
Agbẹ̀bí Àgbà, Ilé Ìtọ́jú Aláboyún.